Mélòó Ló Wà Lọ́wọ́ Mi?

Ìjì tó jà ní Òkè-Baálẹ̀ nírọ̀lẹ́ Àlàmísì
ló ká páànù ilé Alùfáà Sàláwù, ó jù ú lu wáyà.
Òpó iná dùbúlẹ̀ bí ọ̀mùtí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.
Àwọn òṣìṣẹ́ iná ní ká fọkàn balẹ̀, ó di ọjọ́ Ajé.
Ọjọ́ Ajé wo, wọn ò sọ.

Bàbá wa ṣì wà lọ́nà Ìkìrun.
Fóònù mi ku ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún,
mo tì í sábẹ́ ìrọ̀rí,
ohùn Bàbá nìkan ni mo tọ́jú rẹ̀ dè.
Nọ́jíímù ní òun fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ díẹ̀.
Mo wò ó.
Kò rí ojú tí mo fi wò ó.

Kí la ó wá ta báyìí, tí Káfáyà ò fi ní sunkún mọ́?
Lúdò wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù,
ṣùgbọ́n dáìsì kan ṣoṣo tó kù
ti bọ́ sí gọ́tà láti ìgbà ọdún Iléyá.
Wọ́ọ̀tù kò ṣe é ta láìríran:
ta ni yóò mọ àgbélébùú yàtọ̀ sí ìràwọ̀?
Nọ́jíímù á kàn máa pe gbogbo káàdì ọwọ́ rẹ̀ ní ogún.
Dráfù ńkọ́? Ìdérí ìgò la fi ń ṣe ọmọ rẹ̀,
dúdú òun pupa ti di ọ̀kan náà lálẹ́ yìí.
Àbẹ́là kan ló kù, kò ju ìka ọwọ́ lọ.
“Ẹ fi í sílẹ̀,” ni Màmá wí,
“bí ọmọ bá fẹ́ yàgbẹ́ lóru ńkọ́?”

A bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́.
Mo ní: kí ló ga ju bàbá ẹni lọ,
tó ń fún gbogbo àdúgbò níná,
tó wá sun inú ẹrẹ̀ lálẹ́ òní?
Wọ́n ní: òpó! A rẹ́rìn-ín díẹ̀.
Ààrá sán.
Kò sẹ́ni tó rántí àlọ́ tó kàn.

Ìgbà náà ni Ìyáàgbà Àwẹ̀ró wúkọ́ lórí ẹní rẹ̀,
Ìyáàgbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún méje,
tí a kì í sọ nǹkan míì fún ju
“Ẹ rọra, ẹ jókòó, ẹ má baà ṣubú.”
Ó ní: “Ẹ bu àgbàdo tí bàbá yín fi pamọ́ fún gbíngbìn wá.”
Ó di ìkúùkù. “Mélòó ló wà lọ́wọ́ mi?
Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, á gbà á.
Ẹni tó bá ṣì í, á san iye tó fi ṣì í.”

Káfáyà ní mẹ́fà. Mẹ́rin ni. Ó san méjì.
Nígbà tó kan èmi láti di tèmi,
ó ní kí n mi ọwọ́ mi sétí òun.
Ó tẹ́tí. “Mẹ́ta. Kòkòrò sì ti jẹ ọ̀kan nínú rẹ̀.”
Mo fi ìka tú u wò: mẹ́ta,
ọ̀kan fúyẹ́, ó ní ihò nídìí.
Bó ṣe kó wa jẹ tán nìyẹn.
Nọ́jíímù jẹ ẹ́ ní gbèsè mẹ́tàdínlógún,
ó bẹ̀bẹ̀ títí, kò dárí jì í.
“Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé òkùnkùn yìí,” ni Ìyáàgbà wí,
“èmi ti kọ́lé síbẹ̀.”

Fóònù dún. Bàbá ni. Igi dí ọ̀nà,
yóò sùn sílé Rájì, kí lẹ̀ ń ṣe?
Mo ní: “Ìyá yín ń nà wá láyò.”
Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò tíì tán
tí fóònù fi kú.

Ọjọ́ kẹsàn-án niná dé.
A hó yèè, a ya lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n.
Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i
tó na ìkúùkù sí ibi tí a ti dìde:
“Ta ló kàn?”

Mo padà lọ jókòó, mo dijú.
Mo ní méje.
Márùn-ún ni.
Mo san méjì.